Ẹ kọ́kọ́ béèrè èdè tó wà lórí aláìsàn kẹ́ ẹ tó sọ pé kò gbọ́ nǹkan kan

Sí olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Ṣàgámù ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Aṣọ ni mò ń tà, mi ò kì í ṣe dókítà, mi ò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ ohun tójú mi rí nídìí àìsàn bàbá mi ti jẹ́ kí n ka ohun tí mi ò rò pé mo lè kà láyé mi, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló ń bá mi wá a jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwa méjèèjì á wá jókòó lálẹ́ a máa túmọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa bí ọpọlọ ẹni tó gbọ́ ju èdè kan lọ ṣe ń ṣe ni, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e jáde torí mo mọ̀ pé ilé tí irú ẹ̀ wà ò kéré ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lónìí.

Tísà ni bàbá mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, inú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní January 1955 ló wà, ọmọ ọdún 6 ni, kó tó dìgbà yẹn kò gbọ́ nǹkan kan ju Ìjẹ̀bú lọ. Ẹ jẹ́ n là á yé ẹ̀yin tẹ́ ò kì í ṣe ará ibí: Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń sọ nínú ilé láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé rárá. Ọmọ tó bá wọ kíláàsì, ó máa kọ́kọ́ kọ́ Yorùbá tí tísà ń sọ, kó tó wá kan Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́ ẹ bá wá bi mí pé èdè mélòó ló wà lórí bàbá mi, mẹ́ta lèmi kà: Ìjẹ̀bú lẹ́nu ìyá ẹ̀, Yorùbá nínú ìwé àti rédíò, Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ pàṣán tísà. Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló wá fi jẹun fún ọdún 36, ó kọ́ ọ káàkiri Rẹ́mọ, láti Ìpẹru dé Ìsarà títí tó fi fẹ̀yìn tì síbí. Nínú ilé wa, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kí i láàárọ̀, òun náà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Màmá wa nìkan ló máa ń bá a sọ Ìjẹ̀bú, àwọn méjèèjì nínú yàrá, tá a bá wọlé wọ́n á yí i padà. Màmá wa kú ní 2016, látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó ń fi Ìjẹ̀bú bá a sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé yẹn.

Ní 2023, láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, ó ń fọ eyín lọ́wọ́ ni búrọ́ọ̀ṣì já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kú pátápátá, ẹnu wọ́. A sáré gbé e dé ọsibítù. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ torí wọn ò fi ìtọ́jú dù wá, àwọn ló gba ẹ̀mí ẹ̀ là, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní. Síkáàn, ìyẹn àwòrán inú orí tí wọ́n yà, ní apá òsì ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ ò dé, sítírókù ni, èyí tá à ń pè ní àrùn rọpárọsẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ apá ọ̀tún ara ló kú, torí apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni èdè ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ jù nínú wa.

Dókítà tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ tó mọ iyì àgbà ni. Ó gbọ́ pé tísà Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá, ló bá fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀: kó gbé ọwọ́ sókè, kó dijú, kó fi ìka kan imú. Bàbá ń wò ó ṣáá ni. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ náà dúró tì í, à ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè é pé Daddy, Daddy, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ wa, a tún ń pariwo sí i létí bíi pé etí ló kú. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò lóye ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó ní kí n múra ọkàn mi sílẹ̀, pé ọgbọ́n orí ti lọ, ara ló kù.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni bàbá onígbàjámọ̀ wá. Ó ti ń fá orí àti irùngbọ̀n fún bàbá mi láti bí ogún ọdún, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó bíi tiẹ̀ ni. Ó ní ọjọ́ ìsinmi ti ń bọ̀, Tísà ò gbọdọ̀ rí játijàti báyìí, ó tọrọ àyè lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbà fún un. Ó ri táwẹ́ẹ̀lì sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó gbé e lé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá mi gbé orí kúrò, ó sì sọ̀rọ̀. Mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, torí Ìjẹ̀bú wa ò rọrùn láti kọ sínú ìwé, àmọ́ ohun tó sọ ni pé omi yẹn ti gbóná jù. Bàbá onígbàjámọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí táwẹ́ẹ̀lì, ó tún béèrè pé ṣé ó ti dáa báyìí, bàbá mi ní ó ti dáa. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fúláàsìkì lọ́wọ́, mi ò lè mira.

Nígbà tí mo ké sí dókítà, ó wá, ó fi Yorùbá bi í, bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀. A ní kí onígbàjámọ̀ bi í ní Ìjẹ̀bú, ó gbé e, ó dijú, ó fi ìka kan imú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi bá èèyàn tó wà láàyè sọ̀rọ̀ níbi tí kò sí, tá a wá ní òun ni kò gbọ́.

Ohun míì tún ṣẹlẹ̀ tó fẹ́ ṣì wá lọ́nà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i, wọ́n kọ orin Gẹ̀ẹ́sì kan, bàbá mi bá wọn kọ ọ́ láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. Ẹ̀gbọ́n mi yọ̀, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ti padà nìyẹn. Mo ní ó dáa, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ṣé ẹ fẹ́ omi, ó tún ń wò mí bó ṣe ń wò mí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo kàwé nípa ẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé orin téèyàn ti kọ sórí láti kékeré, àdúrà Olúwa, ení èjì ẹ̀ta, ìwọ̀nyí ò rí bí ọ̀rọ̀ téèyàn ń tò fúnra ẹ̀ látọkàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí sítírókù mú ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn ló ṣì lè kọrin, apá ọ̀tún ọpọlọ tó mọ ohùn orin ń bá wọn gbé e. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí aláìsàn yín ń kọrin, ẹ yọ̀ o, àmọ́ ẹ má fi ṣe ìwọ̀n ohun tó lóye.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo kà. Lọ́dún 1861 ní Paris, dókítà kan tó ń jẹ́ Paul Broca tọ́jú ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, "tan, tan" ló máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Nígbà tó kú, Broca yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, ó rí i pé iwájú lápá òsì ló bàjẹ́. Ní 1874, Carl Wernicke ní Jámánì ṣàlàyé ibòmíràn tó wà lẹ́yìn díẹ̀, lókè etí, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu onítọ̀hún wàràwàrà àmọ́ kò ní nítumọ̀, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ lóye tẹlòmíràn. Ìyẹn fún ẹni tó ní èdè kan o. Ẹni tó ní méjì ńkọ́, ṣé ibì kan náà ni méjèèjì ń gbé àbí oníkálukú ní yàrá tiẹ̀?

Ní 1997 àwọn olùwádìí kan ní New York kó àwọn tó gbọ́ èdè méjì sínú ẹ̀rọ tó ń fi bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, wọ́n ní kí wọ́n máa rò nínú ọkàn ohun tí wọ́n ṣe lánàá, kí wọ́n fi èdè kan rò ó kí wọ́n tún fi ìkejì rò ó. Àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì láti kékeré, ojú kan náà níbi tí Broca sọ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó dàgbà kí wọ́n tó kọ́ ìkejì, ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àmọ́ wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbi ti Wernicke, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn míì ní Ítálì tún wá fi hàn pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè kejì dáadáa, tó ń fi ṣe gbogbo nǹkan, ọpọlọ ẹ̀ á máa lo ojú kan náà fún méjèèjì bó bá tilẹ̀ pẹ́ kó tó kọ́ ọ. Ìyẹn ló dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó lè fẹnu lásán sọ pé báyìí ni ti bàbá tèmi rí. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dáa ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ o, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ lọ.

Èyí tó yé mi jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti Michel Paradis, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Montreal. Bó ṣe là á nìyí, èdè téèyàn bá lẹ́nu ìyá ẹ̀ ń gbé níbi tí ọpọlọ ń kó ohun tá à ń ṣe láìronú sí, bíi ká gun kẹ̀kẹ́, bíi ká wé gèlè. Bi ìyá oníṣòwò kan bó ṣe ń wé gèlè, kò lè sọ fún ẹ, ọwọ́ ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ èdè tá a fi òfin kọ́ ní kíláàsì, ohun tá a mọ̀ tá a sì lè ṣàlàyé ló pọ̀ nínú ẹ̀, ìrántí ló ń ṣe àtìlẹ́yìn fún un. Ọ̀nà méjì ni, ọ̀kan lè bàjẹ́ kí èkejì ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń sọ òfin gírámà lórí jíjẹ mímu, òfin wo ló ń mú ọ̀rọ̀ yìí yí padà, òfin wo ló dè é. Kò sọ òfin Ìjẹ̀bú kan fún wa rí. Kò mọ̀ pé ó ní òfin.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé ti jiyàn lórí ẹ̀ láyé àtijọ́. Ribot ní ohun tó pẹ́ jù lórí èèyàn ló máa ń kẹ́yìn lọ, tí èyí tó kọ́ gbẹ̀yìn máa ń kọ́kọ́ lọ. Pitres ní 1895 ní rárá, èdè téèyàn ń lò jù kó tó ṣàìsàn ló máa kọ́kọ́ padà. Ti bàbá mi bá ti Ribot mu. Àmọ́ níbi tá a ti máa ń lọ na ara, a bá ìyá kan pàdé tó ti ṣòwò ní Kánò fún ogójì ọdún, Hausa ló kọ́kọ́ gba ẹnu ẹ̀ jáde lẹ́yìn sítírókù, àwọn ọmọ ẹ̀ tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde ń wo ara wọn lójú. Ti Pitres nìyẹn. Paradis sì ti sọ pé ọ̀pọ̀ jù ni èdè wọn jọ ń padà pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ṣé ẹ rí i? Kò sí ojú téèyàn fi lè wò ó kó mọ̀, àfi kí wọ́n dán èdè kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Paradis àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ṣe ìdánwò kan sílẹ̀ láti 1987 fún irú àwọn aláìsàn báyìí, wọn ò wulẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ láti èdè kan sí òmíràn, wọ́n tún un ṣe kó bá èdè kọ̀ọ̀kan mu ni.

Ọ̀rọ̀ pé kó bá èdè mu yìí, ó dé ọ̀dọ̀ wa gan-an. Èdè olóhùn ni tiwa. Àwọn tó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà àti Thailand, tí èdè tiwọn náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, rí i pé tí apá òsì ọpọlọ bá bàjẹ́, ohùn orí ọ̀rọ̀ náà lè bàjẹ́. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ bàbá mi nìyẹn. Ọjọ́ kan ó ń pe "ọkọ, ọkọ" ṣáá, a lọ pe ọkọ mi wá láti ọ̀nà jíjìn, ó dé, bàbá kọ ojú sí ògiri, inú bí i. Ọkọ̀ ẹ̀ ló ń béèrè, pé ta ló wà níbẹ̀, ta ló ń tan iná ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá máa ní bàbá ń sọ kántankàntan. Ẹni tó gbọ́ ọ tó sì fara balẹ̀ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pé, ohùn ló já.

Bákan náà ni ti pé ó ń da èdè pọ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú, á já sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín, á sì sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn kan ní orí ẹ̀ ti dà rú. Orí ẹ̀ ò dà rú. Àwa tá a gbọ́ èdè méjì, méjèèjì ló máa ń jí lẹ́ẹ̀kan náà nínú orí wa. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní 1999, wọ́n ní kí wọ́n mú sítáǹbù, èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi sọ ọ́, nígbà míì ojú wọn á sáré lọ sórí bírò máàkà tó wà lórí tábìlì torí orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é jọ èyí tí wọ́n gbọ́. Ojoojúmọ́ ni ọpọlọ ń di ọ̀kan mú kí èkejì tó lè sọ̀rọ̀, ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ àti níwájú orí tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn bí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Tí sítírókù bá kan olùṣọ́, èdè á máa wọlé á máa jáde bó ṣe wù ú.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti àwọn ọmọ mi. Láàárín oṣù mẹ́ta tí bàbá mi ò ní ju Ìjẹ̀bú àti Yorùbá díẹ̀ lọ, àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ wọlé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n dákẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè bá a sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fẹ́ràn ẹ̀ jù ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní bàbá ń bi òun ní nǹkan, òun ò mọ ohun tó ń bi òun. Àwọn kan gbà pé èdè wà nínú ẹ̀jẹ̀, pé tó bá dọjọ́ kan á jí. Ó dùn mí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2003 wọ́n yẹ àwọn ọmọ Kòríà kan wò tí àwọn ará Faransé gbà tọ́ láti kékeré, ọmọ ọdún 3 sí 8 ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò nílé, wọ́n ti dàgbà báyìí. Wọ́n gbé èdè Kòríà sí wọn létí nínú ẹ̀rọ, ọpọlọ wọn ò dá a mọ̀ yàtọ̀ sí èdè àjèjì tí wọn ò gbọ́ rí. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ti ń sọ ọ́ geere, kí la wá fẹ́ sọ nípa ọmọ tí a ò tiẹ̀ fún rárá.

Ọ̀rọ̀ sì tún máa ń wọ ara ju bá a ṣe rò lọ. Àwọn tó wádìí lára àwọn ará Tọ́kì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní 2003 kan náà, fi nǹkan sí wọn níka tó ń mọ bí òógùn bá ń yọ, wọ́n wá fi èdè méjèèjì sọ irú ìbáwí tí ìyá máa ń bá ọmọ wí, ti èdè Tọ́kì ló gbọn wọ́n jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ àwọn mọ̀lẹ́bí pé kí wọ́n fi èdè ilé bá aláìsàn wọn sọ̀rọ̀ àní tí dókítà bá tiẹ̀ ní kò gbọ́. Àwọn kan tiẹ̀ wádìí ní Hyderabad ní Íńdíà lára 648 èèyàn tí àrùn ìgbàgbé mú, àwọn tó gbọ́ èdè kan àti àwọn tó gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní 2013, wọ́n ní ọdún 4 àbọ̀ ló fi pẹ́ kó tó mú àwọn tó ní ju èdè kan lọ, títí kan àwọn tí kò kàwé rí. Àwọn míì wádìí tiwọn, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò ní gbé e lé orí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò nílò ìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọsibítù wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ìjọba àti àdáni: tí wọ́n bá gbé ẹni tí sítírókù mú wọlé, bẹ́ ẹ ṣe ń bi wá nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bi wá pé èdè wo ló kọ́kọ́ gbọ́, èwo ló ń sọ jù, èwo ló fi ń gbàdúrà. Ẹ kọ ọ́ sí iwájú fáìlì. Ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ pé kò lóye ọ̀rọ̀. Tí kò bá sí nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Ìjẹ̀bú, ẹ pe ẹnì kan nínú mọ̀lẹ́bí, tàbí ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín níwájú géètì, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Owó kankan ò sí nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá yín bí àwa ṣe ṣe é, ẹ má máa fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò ní ti pé òun ló gbayì. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ pe àbúrò ẹ̀ láti abúlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì í kí wọ́n máa sọ ti ọjà àti ti oko.

Olóòtú, mo tún ń tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn òǹkàwé tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé wọn kọ̀wé sí yín, láti Ìkẹnnẹ́, Òdógbolú, Àgọ́-Ìwòyè, ibi yòówù kó jẹ́, kí wọ́n sọ èdè tí èèyàn wọn ní kó tó ṣàìsàn, èyí tó lọ, èyí tó kọ́kọ́ padà, àti ìgbà tó padà. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ti bàbá mi àti ti ìyá Kánò yẹn ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Tísà,
Ṣàgámù, Ìpínlẹ̀ Ògùn.